Kẹ́ ẹ tó kọ orúkọ yín sára àpò fíìdì

Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń lọ àgbàdo wà nílẹ̀, míkísà tẹ́ ẹ fi ń po fíìdì, ìyẹn oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, wà, àwọn olóko adìyẹ ń gbé àgbàdo tiwọn wá, ẹ ń bá wọn lọ̀ ọ́, wọ́n ń sanwó iṣẹ́, wọ́n ń lọ. Ó dọjọ́ kan, kọ́sítọ́mà kan á wá sọ pé "Bọ̀dá, fíìdì yín yìí dáa o, ẹ kúkú máa rán an sápò kẹ́ ẹ máa tà á fún wa." Inú yín á dùn, ẹ á pe ẹni tó ń tẹ àpò, ẹ á ní kó ya àkùkọ sí i, kó kọ orúkọ yín gàdàgbà sábẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òfin ti máa ń jí. Ṣé ẹ rí i, tẹ́ ẹ bá ń lọ àgbàdo onílé fún onílé, ẹ̀rọ lẹ fi ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rán ẹnu àpò pẹ̀lú orúkọ yín lára, ẹ ti ṣèlérí fún ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí nìyẹn, ìlérí ọ̀hún ni ìjọba máa ń bá yín yẹ̀ wò.

Ti Nàìjíríà ni mò ń sọ níbí o, pàápàá fún àwa tá a wà níhà Ìbàdàn, Ògùn àti Ọ̀ṣun tí adìyẹ pọ̀ sí. Mo máa to àwọn ìgbésẹ̀ ọ̀hún bó ṣe yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, torí ohun tó ń jẹ wá níyà jù ni pé a máa ń ti ìparí bẹ̀rẹ̀.

Kí ló tiẹ̀ kan ìjọba nínú oúnjẹ adìyẹ?

Àwọn kan á ní ìjọba kàn fẹ́ gbowó ni. Ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kékeré kan. Lọ́dún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò mọ ohun tó pa wọ́n, wọ́n kàn ń pè é ní àrùn X. Ìgbà tí wọ́n tú u dé ìdí ni wọ́n rí i pé inú fíìdì ni ikú ti wá, ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró ẹ̀ jáde ní Bràsíl ni wọ́n fi po oúnjẹ wọn, ẹ̀pà yẹn sì ti bu. Ibẹ̀ layé ti mọ májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Nígbà tó di 1986, Britain yìí kan náà rí àrùn màlúù tó ń ṣe bí wèrè, ẹran àti eegun màlúù tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi fún màlúù jẹ ló tàn án kálẹ̀, ó di 1988 kí wọ́n tó fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ òfin fíìdì tẹ́ ẹ̀ ń rí káàkiri ayé lónìí, irú ikú bẹ́ẹ̀ ló bí wọn. Ohun tí ẹran bá jẹ, àwa náà la máa padà jẹ ẹ́, nínú ẹyin, nínú wàrà, nínú ẹ̀dọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́

Òfin ò wo gbogbo wa bákan náà. Ẹni tó ń po fíìdì fún adìyẹ tiẹ̀ nìkan, tí kò tà á fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ fíforúkọ ọjà sílẹ̀ ò kàn án bó ṣe kan ẹni tó ń gbé e lọ sọ́jà, àmọ́ kí ó má rò pé òun ti bọ́ o, torí ẹyin àti ẹran tó ń tà fáráyé ṣì wà lábẹ́ òfin oúnjẹ.

Ẹni tó ń bá èèyàn lọ̀ ọ́ gbowó, ìyẹn toll miller, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹran tí mo máa dárúkọ láìpẹ́ ń forúkọ tiẹ̀ náà sílẹ̀. Ewu tiẹ̀ yàtọ̀: ohun tí kọ́sítọ́mà àárọ̀ gbé wá tó kù sísàlẹ̀ míkísà, kọ́sítọ́mà ọ̀sán ló máa gbé e lọlé. Ẹni tó ń tà lábẹ́ orúkọ tiẹ̀, òun ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí ń bá wí pátápátá. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lásán náà ní tiẹ̀ lọ́rùn, ọjà tó ti gba nọ́ńbà NAFDAC ni kó rà, ibi gbígbẹ ni kó tò ó sí, tó bá sì ń tú àpò tó ń fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún àwọn tó ní adìyẹ mẹ́wàá mẹ́wàá, kó má ju lébẹ̀lì àpò yẹn nù títí fíìdì inú ẹ̀ á fi tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló máa mọ ibi tí ohun tó pa adìyẹ ìyá arúgbó ti wá?

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ẹni tó ń ṣọ́ kí ni

Níbi tí orí ti ń dàrú nìyí, torí wọ́n pọ̀. NAFDAC, tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ló ń rẹ́jísítà ọjà. Inú ilé wọn, ẹ̀ka tó ń rí sí oògùn ẹran àti àwọn nǹkan tó bá a tan ni fíìdì àti premix (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà tó ń wọ fíìdì) wà, wọ́n ń pè é ní VMAP, torí náà tẹ́ ẹ bá dé ọ́fíìsì wọn kẹ́ ẹ má lọ tò sórí ìlà àwọn oní-pure-water. SON ló ń ṣètò ìwọ̀n àti òṣùnwọ̀n, ìyẹn NIS, iye purotéènì tó yẹ kó wà nínú fíìdì ọmọ adìyẹ, iye calcium tó yẹ fún adìyẹ tó ń yé, ohun tẹ́ ẹ bá ṣe nílé níbí gbọ́dọ̀ gba ìwé MANCAP lọ́wọ́ wọn, èyí tó bá ti òkè òkun wá ní SONCAP tiẹ̀.

NIAS lọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹran ọ̀sìn ni, òfin ọdún 2007 ló gbé e kalẹ̀, àwọn ló ń forúkọ àwọn onímọ̀ yìí sílẹ̀, àwọn náà ló ń forúkọ fíìdì-mìlì sílẹ̀. Wọ́n á bi yín pé ta lonímọ̀ tó ń ṣe formula yín, ìyẹn ìwọ̀n èròjà kọ̀ọ̀kan tó ń wọ fíìdì. Tẹ́ ẹ bá ní "ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp", ẹ̀yin àti wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Àjọ àwọn dókítà ẹran, VCN, ń ṣọ́ ẹni tó lè kọ oògùn fún ẹran. FCCPC, lábẹ́ òfin 2018, ń gbèjà ẹni tó ra ọjà. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń rẹ́jísítà ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ lábẹ́ Factories Act, àjọ àyíká ìpínlẹ̀ yín náà á fẹ́ mọ̀ nípa eruku àti ariwo, tó bá jẹ́ Èkó, LASEPA nìyẹn. Láti July 2024 a tún ti ní ministry tó dá dúró fún ẹran ọ̀sìn nìkan l'Ábújá.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mí kanlẹ̀. Èmi náà gbà pé wọ́n pọ̀ jù, tó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣèjọba màá kó bíi mẹ́ta nínú wọn sínú yàrá kan. Àmọ́ ohun kan náà kọ́ ni wọ́n ń wò, àpò yín ni ọ̀kan ń wò, orí ẹni tó ṣe formula ni èkejì ń wò, ìka òṣìṣẹ́ yín tó lè há sínú bẹ́líìtì ni ẹ̀kẹta ń wò. Ìwé ẹni kan ò lè dúró fún ti ẹlòmíì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bí ìwé ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn

CAC lẹ kọ́kọ́ máa lọ, láti forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà trademark, kẹ́ ẹ wò ó bóyá orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́ fún fíìdì yín, ẹlòmíì ti ní in, torí NAFDAC máa béèrè ìwé yẹn. CAC àti trademark kì í ṣe nǹkan kan náà o! CAC lè fún yín lórúkọ ilé iṣẹ́, kí trademark sọ pé orúkọ ọjà yẹn ti ní olówó. Tẹ́ ẹ bá parí ìyẹn, ẹ wá ibi tó dáa, ẹ wá onímọ̀ ẹran tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NIAS, tó gbà láti fi orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, kó má jẹ́ pé ẹ kàn yá ìwé ẹ̀ gbé kọ́ ògiri, kó jẹ́ ẹni tó ń yọjú lóòótọ́.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ ti NAFDAC, lójúlé tí wọ́n ń pè ní NAPAMS. Iye owó wà níbẹ̀, ojú ibẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ ti wò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san, ẹ má gba ti ẹni tó ní òun mọ èèyàn nínú ibẹ̀. Irú fíìdì kọ̀ọ̀kan ló ń dá gba nọ́ńbà tiẹ̀: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ti ọmọ adìyẹ, ti grower (adìyẹ tó ń dàgbà) àti ti layer (adìyẹ tó ń yé), mẹ́ta nìyẹn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ń tà jù. Wọ́n á wá wo ilé, wọ́n á gbé fíìdì lọ sí lábù wọn (ti Oshodi ló sún mọ́ àwa), tó bá yè wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà tí ọdún 5 wà lára ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ilé iṣẹ́ fúnra ẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí kò nira láti yé èèyàn, owó ló ń nira. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì tó dán, kó má ní ihò. Ojú fèrèsé ní nẹ́ẹ̀tì, ẹyẹ ò gbọ́dọ̀ wọlé, eku ò gbọ́dọ̀ wọlé, torí ìgbẹ́ ẹyẹ àti ìgbẹ́ eku ni kòkòrò àrùn salmonella ń bá wọ inú fíìdì. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń kó àgbàdo sí yàtọ̀ síbi tí fíìdì tó ti parí wà. Orí pákó ni kí àpò wà, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri. Oògùn àti premix nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ ní ìdérí, òṣìṣẹ́ ní nǹkan tí wọ́n fi ń bo imú. Ẹ má sì gbé agbo adìyẹ sẹ́yìn mìlì, mo mọ̀ pé a fẹ́ràn ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àgbàdo, níbi tí òfin ti ń ṣubú

Gbogbo ìwé tí mo kà sílẹ̀ yẹn, tí àgbàdo tẹ́ ẹ rà bá bu, asán ni. Èyí lẹ máa ká sí jù.

Aflatoxin kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ lè fojú rí. Olú kékeré kan tó ń hù lára àgbàdo, ẹ̀pà àti èso òwú ló ń ṣe é, láti oko ló ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀dá bá mú, ó tún ń pọ̀ sí i nílé tá a bá kó o pa mọ́ ní tútù. Sísè ò pa á, yíyan lásán ò tó o, lílọ̀ ò sì yọ ọ́ kúrò. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nílẹ̀ òkèèrè kékeré báyìí: Yúróòpù ní àgbàdo tó bá fẹ́ di fíìdì ò gbọ́dọ̀ ní ju 20 nínú bílíọ̀nù kan lọ, fíìdì màlúù tó ń fún wàrà ò gbọ́dọ̀ ju 5. Amẹ́ríkà gba 20 fún ọmọ ẹran àti màlúù oníwàrà, wọ́n gba 100 fún adìyẹ tó ti dàgbà. Kẹ́ ẹ lè mọ bí 20 ṣe kéré tó: gíráàmù 20 nínú 1,000 tọ́ọ̀nù ni, bíi ṣíbí tíì mẹ́ta àti díẹ̀ nínú tírélà tó lé ní ọgbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè fojú dá a, tẹ́ ẹ tún gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí lábù.

Báwo la ṣe ń ra àgbàdo wá? Ẹ kọ́kọ́ wo omi ara ẹ̀. Àgbàdo tẹ́ ẹ fẹ́ kó pa mọ́ ò yẹ kó ju 13% lọ. Ẹ̀rọ tó ń wọn omi wà lọ́jà, ẹ ra ọ̀kan, owó ẹ̀ ò tó owó àpò àgbàdo tó máa bàjẹ́ lọ́dún kan. Tí kò bá sí, ẹ lo iyọ̀: ẹ wá ìgò tó gbẹ dáadáa, ẹ bu àgbàdo dé ìdá mẹ́ta ẹ̀, ẹ da ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ méjì tàbí mẹ́ta sí i, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ẹ̀ ti ju 15% lọ, ẹ má kó o sápò, ẹ sá a. Tí iyọ̀ ò lẹ̀, ó wà nísàlẹ̀ 15, àmọ́ ìyẹn ò ní kó ti dé 13 o, ẹ ṣì tún sá a díẹ̀. Àgbàdo July sí August tó ń bọ̀ nígbà òjò, tí owó ẹ̀ máa ń wálẹ̀ tí gbogbo wa ń sáré sí, òun gan-an ló léwu jù.

Lẹ́yìn náà ẹ ti ọ̀pá oníhò tí wọ́n fi ń yọ àgbàdo wò bọ àárín àpò, kì í ṣe ẹnu àpò nìkan, torí àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ẹnu àpò lẹ máa wò. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ dúdú. Tó bá jẹ́ pé àgbàdo náà ní àwọ̀ pupa ròkọ̀tọ̀ tàbí àwọ̀ búlúù tí èèyàn kùn ún, ẹ sá fún un, àgbàdo gbígbìn tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pò ni, ó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹnì kan ló fi gbé e wọjà.

Àwọn kan á ní "mo ní toxin binder, mo lè ra èyí tó ti bu díẹ̀." Rárá o. Toxin binder, ìyẹn ohun tí wọ́n ń pò mọ́ fíìdì kó lè di májèlé mú, ń ṣèrànwọ́ fún ohun tó bọ́ mọ́ wa lójú, kò sọ àgbàdo tó bàjẹ́ di àgbàdo tó dáa. Ọgbọ́n kejì ni kí wọ́n da èyí tó bu mọ́ èyí tó dáa kí ìwọ̀n májèlé ẹ̀ lè wálẹ̀. Ní Yúróòpù òfin dè é pátápátá, tó bá ti kọjá ìwọ̀n, ẹ ò gbọ́dọ̀ po èyí tó dáa mọ́ ọn. Èmi náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí níbí.

Ibi tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé inú Ìbàdàn níbí ni ìtọ́jú ẹ̀ ti jáde. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Mọ́níyà, mú olú tó jẹ́ ẹbí èyí tó ń ṣe májèlé, àmọ́ tí kì í ṣe májèlé ní tiẹ̀, wọ́n ń fọ́n ọn sínú oko ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, á gba àyè mọ́ olóró yẹn lọ́wọ́. Aflasafe ni wọ́n ń pè é, NAFDAC ti rẹ́jísítà ẹ̀ láti 2014. Tẹ́ ẹ bá ń ra àgbàdo púpọ̀, ẹ bá àwọn àgbẹ̀ tó ń lò ó sọ̀rọ̀ kó tó dìgbà ìkórè, kì í ṣe ìgbà tí ọjà bá ti wọ́n.

Àwọn èròjà yòókù, kíá kíá: sóyà tí iná ò tó ní ohun tó ń dí purotéènì lọ́wọ́, adìyẹ á jẹ ẹ́ kò ní dàgbà, lábù ń yẹ̀ ẹ́ wò. Fishmeal, ìyẹn ẹja lílọ̀, ni wọ́n ń lù jù, yanrìn, urea, ohun gbogbo ni wọ́n ń pò mọ́ ọn, ẹ da díẹ̀ sínú omi kẹ́ ẹ wo ohun tó máa sọ̀ kalẹ̀. Cake èso òwú (ohun tó kù lẹ́yìn tí wọ́n fún òróró ẹ̀) ní májèlé kan tí wọ́n ń pè ní gossypol, ẹ má kó o sínú fíìdì layer láìbéèrè lọ́wọ́ onímọ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́, tí àwọn ILRI (ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn) àti IITA ti fi ọ̀nà lílọ̀, fífún àti sísá ẹ̀ han ayé, dáa, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn, tútù ẹ̀ ní májèlé. Ẹni tẹ́ ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ọjọ́, iye àpò, nọ́ńbà ọkọ̀. Kódà tó bá jẹ́ àbúrò yín.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: oògùn

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nínú mìlì wa lọ́pọ̀ ibi, òṣìṣẹ́ ló ń da antibiótíìkì sínú míkísà torí kọ́sítọ́mà ní "ẹ fi nǹkan sí i." Kí ni nǹkan? Sweden ti fòfin de kí wọ́n máa fi antibiótíìkì mú ẹran sanra láti 1986, Yúróòpù yòókù tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2006, Amẹ́ríkà ní 2017 ní kí wọ́n má fi àwọn tí èèyàn náà ń lò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Kòkòrò àrùn tó bá ti mọ oògùn lára nínú adìyẹ, ó lè wá bá ọmọ yín nílé, oògùn ò sì ní ran án mọ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é rè é, ẹ sì lè mú un bẹ́ẹ̀: kò sí oògùn nínú fíìdì mi láìsí ìwé dókítà ẹran tó ní orúkọ àti nọ́ńbà VCN ẹ̀ lórí. Ìwé yẹn wọ fáìlì. Chloramphenicol àti ìran nitrofuran bíi furazolidone ò gbọ́dọ̀ dé inú oúnjẹ ẹran tí èèyàn máa jẹ rárá, kò sí ìwọ̀n tó dáa níbẹ̀. Àpò tó bá ní oògùn gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kó sọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n ẹ̀, àti iye ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n tó pa ẹran tàbí ta ẹyin.

Ohun tó ṣẹ́ kù nínú ẹ̀rọ tún wà ńbẹ̀. Monensin tá a ń lò fún coccidiosis, àrùn ìfun adìyẹ, díẹ̀ ẹ̀ ń pa ẹṣin. Salinomycin tí wọ́n ń lò fún àrùn kan náà ń pa tòlótòló. Tiamulin, antibiótíìkì kan, tó bá pàdé èyíkéyìí nínú méjèèjì lára adìyẹ, ìjàǹbá ni, kódà tí ẹ ò bá fi wọ́n sápò kan náà, tó jẹ́ pé ọ̀kan wà nínú omi tí wọ́n ń mu tí èkejì wà nínú fíìdì. Torí náà, fíìdì tí kò ní oògùn lẹ máa kọ́kọ́ pò láàárọ̀, olóògùn lẹ́yìn, tẹ́ ẹ bá parí ẹ da àgbàdo lásán gba inú hámà (ẹ̀rọ ìlọ̀) àti míkísà kó fọ̀ ọ́, ẹ kó àgbàdo yẹn sápò tẹ́ ẹ kọ nǹkan sí lára, inú fíìdì olóògùn kan náà ni kó padà sí lọ́jọ́ mìíì. Èyí kan toll miller ju gbogbo wa lọ.

Ìgbésẹ̀ keje: pípò, ìwé, àti ike kékeré

Òṣùwọ̀n lẹ máa fi wọ̀n, kì í ṣe ṣọ́bìrì. Premix tó jẹ́ kìlò 2.5 nínú tọ́ọ̀nù kan, tẹ́ ẹ bá kàn jù ú sínú míkísà, ibì kan á rí púpọ̀, ibì kan ò ní rí nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi bíi kìlò 25 àgbàdo lílọ̀ pò ó pọ̀ pẹ̀lú lysine àti methionine (àwọn èròjà tó ń di purotéènì) àti iyọ̀, kẹ́ ẹ tó dà á sínú ńlá. Ẹ kọ wákàtí tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tẹ́ ẹ dá a dúró.

Batch kọ̀ọ̀kan, ìyẹn fíìdì tẹ́ ẹ pò lẹ́ẹ̀kan náà, ní ojú ewé kan nínú ìwé: ọjọ́, nọ́ńbà, formula wo, àgbàdo ta ni, premix nọ́ńbà mélòó, ta ló wọ̀n ọ́n, àpò mélòó ló jáde, ta ló rà á. Lẹ́yìn náà ẹ bu bíi ìdajì kìlò látinú àpò tó pọ̀ (kì í ṣe ọ̀kan), ẹ dì í sínú ike tó dé dáadáa, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ gbé e pa mọ́ títí ọjọ́ tí fíìdì yẹn máa kú á fi kọjá. Ọdún kan, Alhaji kan fóònù mi láàárọ̀ kùtù, ẹyin ẹ̀ ti já wálẹ̀, ó ní fíìdì mi ló pa òun lẹ́kún. Mo ní "Alhaji, ẹ má bínú, ẹ bá mi ka nọ́ńbà ara àpò." A gbé ike tèmi àti ti inú àpò tiẹ̀ lọ sí lábù, purotéènì àti calcium méjèèjì bára mu, wọ́n sì dúró níbi tí lébẹ̀lì ní kí wọ́n dúró. Dókítà wá rí i pé àrùn Newcastle ló wọ agbo. Ká ní mi ò ní ike yẹn ńkọ́?

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ohun tó gbọ́dọ̀ wà lára àpò

Orúkọ fíìdì àti irú ẹran àti ọjọ́ orí tó wà fún. Ìwọ̀n tó jẹ́ òótọ́, 25kg kó jẹ́ 25, àpò àti okùn ò sí nínú ẹ̀. Àwọn èròjà tó wà nínú ẹ̀. Purotéènì, ọ̀rá, fiber, calcium, phosphorus, lysine, methionine, agbára, ìyẹn ME. Ọjọ́ tẹ́ ẹ ṣe é àti ọjọ́ tó máa kú, nọ́ńbà batch, nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì tí èèyàn lè rìn dé, kì í ṣe P.O. Box lásán. Bí wọ́n ṣe máa lò ó àti bí wọ́n ṣe máa tọ́jú ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ ni lábù máa fi dá yín lẹ́jọ́, torí náà ẹ má kọ 18% fún layer tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé 16.5 lẹ̀ ń ṣe, 16.5 kúkú tó adìyẹ tó ń yé. Ẹ má kọ "ń lé àrùn lọ." Ẹ má yá nọ́ńbà ẹlòmíì. Ẹ má sì kó fíìdì yín sínú àpò ilé iṣẹ́ mìíì tẹ́ ẹ fọ̀, òfin dè é, ó sì tún ń kó àrùn láti oko kan dé òmíràn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá, àti lẹ́yìn ẹ̀

Wọ́n lè má fóònù kí wọ́n tó dé. Ẹ ní kí wọ́n fi káàdì wọn hàn, ẹ fún wọn ní coverall, ẹ jẹ́ kí onímọ̀ yín bá wọn rìn yíká. Tí wọ́n bá béèrè ohun tí kò sí, ẹ sọ pé kò sí, ẹ má sáré lọ kọ ìwé ọdún tó kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bírò kan náà àti ọwọ́ kan náà lórí ojú ewé 40 ń tú èèyàn fó. Tí wọ́n bá gbé sample, ẹ ní kí wọ́n pín in, kẹ́ ẹ ní tiyín lọ́wọ́ pẹ̀lú síìlì àti ọwọ́ tí wọ́n bù lù ú.

Tẹ́ ẹ bá fúnra yín rí i pé batch kan bàjẹ́, ẹ má dákẹ́ kẹ́ ẹ máa retí pé kò ní sí wàhálà. Ẹ ṣí ìwé, ẹ fóònù gbogbo ẹni tó rà á, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró, ẹ kó o padà, ẹ sọ fún NAFDAC. Ó máa dùn yín lápò. Kọ́sítọ́mà mi méjì lọ nígbà tí mo ṣe irú ẹ̀, ẹnì kan padà.

Nọ́ńbà yín tó bá ti ku bíi oṣù mẹ́fà kí ọdún 5 pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe, ẹ má dúró dọ̀sẹ̀ ìkẹyìn.

Ọ̀rọ̀ títẹ àpò ló kù, ìparí gan-an ló sì yẹ kó wà. Ẹ má tẹ àpò kan ṣoṣo kí nọ́ńbà àti trademark tó jáde. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ á ní tẹ́ ẹ bá tẹ 2,000 lẹ́ẹ̀kan náà ó máa dínwó, òótọ́ ló sì ń sọ. Mo gbà á gbọ́, mo tẹ 2,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà trademark ní orúkọ yẹn jọ ti ẹlòmíì jù. Àwọn àpò yẹn lágbára o, lára wọn ṣì wà lẹ́yìn mìlì mi títí dòní, yanrìn ni mo rọ sínú wọn tí mo fi dí ojú àgbàrá, àkùkọ wà lára gbogbo wọn.